Ẹ Jẹ́ Kí A Pe Ilé Wa Ní Orúkọ Rẹ̀



Fọ́ọ̀mù kan wà lórí tábìlì akọ̀wé ẹ̀ka wa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Fọ́ọ̀mù ìdíje ilé ni. Àwọn tí ó gbé ìdíje náà kalẹ̀ ń wá ilé onífúláàtì tí ó dára jù, wọn yóò sì fún àwọn tí ó bá yege ní àmì ẹ̀yẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Ìbàdàn ni ó mú un bọ̀ wá sí Olúpọ̀nnà. Ó ní kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fi ilé tí a jọ kọ́ díje. Inú wa dùn sí èrò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ rere, kò yẹ kí ó bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù náà ti dé ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa. Kì í ṣe lórí bóyá kí a díje tàbí kí a má díje. Lórí ìlà kan ṣoṣo ni, ìlà tí ó béèrè pé: ìsọ̀rí wo ni ilé yín wà? Àwọn kan ní kí a kọ ọ́ sí ìsọ̀rí ilé afẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni àmì ẹ̀yẹ ti ń dán jù. Àwọn kan ní kí a kọ ọ́ sí ìsọ̀rí ilé tí ó wà ní àrọ́wọ́tó òṣìṣẹ́. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ kékeré ni, kí akọ̀wé kọ èyí tí ó bá wù ú, kí a lọ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwa kò gbà pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. A fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ níhìn-ín, a sì bẹ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kí wọ́n kà á dé ìparí kí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ tó dé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rán ara wa létí ohun tí a kọ́. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni, ìsàlẹ̀ àti òkè kan. A pín ìsàlẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin tí ó dọ́gba, a sì pín òkè sí mẹ́rin bákan náà. Méje nínú mẹ́jọ yìí jẹ́ fúláàtì: yàrá méjì, pálọ̀, kíṣìnì, balùwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ ti ìdílé náà nìkan. Ìkẹjọ, èyí tí ó kọjú sí títì, ni a sọ di ṣọ́ọ̀bù. Ìdílé méje ni ó ń gbé inú ilé náà. Owó tí a fi kọ́ ọ, inú owó oṣù wa àti owó ojúmọ́ wa ni ó ti wá, díẹ̀díẹ̀, ọdún lé ọdún. Àwọn bíríkìlà tí ó mọ ọ́n àti àwọn káfíńtà tí ó kan òrùlé rẹ̀, ara wa ni wọ́n. Ẹni tí ó bá ti gbé ilé 'face-me-I-face-you' rí, níbi tí ìdílé mẹ́wàá ti ń tò lówùúrọ̀ nítorí balùwẹ̀ kan ṣoṣo, yóò mọ̀ pé ohun tí a ṣe yìí kì í ṣe kékeré.

Kí wá ni ìsọ̀rí? Àwọn awakọ̀ tí ó wà láàárín wa kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ wọn. Mọ́tò tí ń kó èrò a máa gbé nọ́ńbà tí a fi àwọ̀ pupa kọ. Ti aládàáni, búlúù. Ti ìjọba, àwọ̀ ewé. Ẹni tí ó bá fi nọ́ńbà búlúù kó èrò, kabúkabú ni. Kì í ṣe pé mọ́tò rẹ̀ kò dára. Ó lè dára ju ti ẹni tí ó gbé nọ́ńbà pupa lọ. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé orúkọ tí mọ́tò náà ń jẹ́ àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò bá ara wọn mu. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ni oníkabúkabú yóò mọ̀ pé ìwé adójútòfò tí ó wà lápò òun, fún iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ṣe é. Àwọn àgbà inú wa tí ó wọ bọ̀lẹ̀kájà rí náà kò ní gbàgbé. Lọ́rì ẹrù ni, wọ́n to pákó sínú rẹ̀, wọ́n ní ó ti di ọkọ̀ èrò. Bákan náà ni ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ mọ̀ pé iye ẹrù tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí a bá pe nǹkan ní ohun tí kò jẹ́, ẹni tí ó gba orúkọ náà gbọ́ ni yóò jìyà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé. Àwọn tí ń ṣe ìdíje pín ilé sí ìsọ̀rí kí wọ́n má baà fi ewúrẹ́ wé ẹṣin. Ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní International Property Awards, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì ní ẹ̀ka fún ilẹ̀ Áfíríkà, ya ilé fúláàtì sọ́tọ̀ kúrò lára ilé gogoro tí ènìyàn ń gbé. Ó tún ya iṣẹ́ ẹni tí ó kọ́ ilé sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀, àti ti ẹni tí ó ṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé, iṣẹ́ ta ni a fẹ́ kí wọ́n wò? Ṣé ti ẹni tí ó ya puláànù ni? Ṣé ti ẹni tí ó kun inú fúláàtì kan tí ó sì to àga sí i ni? Tàbí ti àwa tí a kó owó jọ, tí a ra ilẹ̀, tí a kọ́ odidi ilé, tí a sì ń tọ́jú rẹ̀? Lójú tiwa, ilé náà lódindi ni kí a gbé síwájú wọn. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ya fọ́tò pálọ̀ rẹ̀ tí ó rẹwà, kí a yìn ín, ṣùgbọ́n pálọ̀ rẹ̀ kọ́ ni ilé wa.

Ìbéèrè kejì ni pé, kí ni a ń fi ilé náà ṣe? Àwọn awakọ̀ wa tí ń já èrò sí Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn mọ Ilé Kòkó. Ó parí ní 1965, àjà 26 ni ó ní, owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá mú Ilé Kòkó lọ sí ìdíje ilé fúláàtì, wọn yóò dá a padà lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú gbogbo gíga rẹ̀, nítorí pé ọ́fíìsì ni wọ́n kọ́ ọ fún, kì í ṣe ilé tí ìdílé ń gbé.

Ọ̀pọ̀ ilé wa ní ilẹ̀ Yorùbá kò rọrùn bẹ́ẹ̀ láti pín. Iwájú jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn jẹ́ yàrá. Ìyá ń ta ọṣẹ àti sìgá lójú fèrèsé, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ilé ìgbé ni, àbí ilé òwò? Ìgbìmọ̀ kan wà tí a dá sílẹ̀ ní 1969, tí ó ń wọn ilé gíga káàkiri ayé láti ìlú Chicago, tí a fi ọdún pípẹ́ mọ̀ sí Council on Tall Buildings and Urban Habitat. Wọ́n ní ìwọ̀n kan tí ó lè ràn wá lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nítorí ilé gíga ni wọ́n ṣe é. Wọ́n ní bí ìpín 85 nínú 100 ilẹ̀ inú ilé bá jẹ́ fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, iṣẹ́ yẹn ni kí a fi pe ilé náà. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kejì bá gba ìpín 15 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé oníṣẹ́ púpọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀n náà wọn ilé wa. Ọ̀nà mẹ́jọ tí ó dọ́gba ni a pín in sí. Ọ̀kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù. Ìdá kan nínú mẹ́jọ jẹ́ 12 àti ààbọ̀ nínú 100. Kò tó 15. Ilé gbígbé sì jẹ́ 87 àti ààbọ̀, ó ju 85 lọ. Nítorí náà ilé ìgbé ni ilé wa, ṣọ́ọ̀bù iwájú rẹ̀ kò yí i padà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìṣirò yìí o, nítorí a óò tún padà sórí rẹ̀.

Ìbéèrè kẹta ni pé, báwo ni ó ṣe ga tó, ìdílé mélòó ni ó sì wà nínú rẹ̀? Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, iná jó ilé fúláàtì gogoro tí wọ́n ń pè ní Grenfell Tower, ènìyàn 72 sì kú. Lẹ́yìn èyí ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2022 wá ya ìsọ̀rí kan sọ́tọ̀: ilé tí ènìyàn ń gbé, tí ó ga tó mítà 18 tàbí tí ó ní àjà méje, tí ó sì ní ó kéré tán ibùgbé méjì nínú. Ilé tí ó bá bọ́ sínú ìsọ̀rí yìí, ẹrù tí a gbé lé onílé rẹ̀ lórí pọ̀ ju ti ilé mìíràn lọ. Gíga ilé jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nítorí pé ẹni tí ó wà lókè gogoro kò lè fo fèrèsé. Tiwa jẹ́ ìsàlẹ̀ àti òkè kan, ìdílé méje. Kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní kí a ka ṣọ́ọ̀bù mọ́ fúláàtì kí ó lè di mẹ́jọ, kò ṣe wá lóore.

Ìbéèrè kẹrin ni pé, ilé tuntun ni, àbí àtúnṣe? A mẹ́nu kan èyí nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń tún ilé bàbá wọn ṣe nínú agboolé. Púpọ̀ nínú ilé àwọn àgbà wa, amọ̀ ni ògiri rẹ̀, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ojú rẹ̀, páànù sì ni wọ́n fi bò ó. Ẹni tí ó bá tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe tí ó dára, kò yẹ kí ó pè é ní ilé tuntun. Àtúnṣe ní ìyì tirẹ̀. Ní ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, fúláàtì 530 tí ó ti gbó ni wọ́n tún ṣe ní àdúgbò Grand Parc láìlé ayálégbé kankan jáde. Ní 2019, iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn ilé kíkọ́ tí ó ga jù ní gbogbo Yúróòpù, èyí tí wọ́n fi orúkọ Mies van der Rohe pè. Tiwa jẹ́ ilé tuntun láti ìpìlẹ̀. Kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè karùn-ún ni ó dá ìjà sílẹ̀: ta ni a kọ́ ilé náà fún? A gbọ́ ohun tí àwọn kan sọ ní ìpàdé. Wọ́n ní bí a bá kọ 'ilé àrọ́wọ́tó òṣìṣẹ́', àwọn ará ìlú yóò sọ pé ilé olówó pọ́ọ́kú ni. Wọ́n ní ojú yóò tì wá. A bi wọ́n pé, ojú kí ni? Ṣé nítorí pé owó ilé náà kò gba gbogbo owó oṣù ayálégbé tán? Ìyẹn ni a torí rẹ̀ kọ́ ọ!

Ẹ wo ìlú Èkó. Láti 1979 títí di òpin 1983, nígbà tí Lateef Jakande jẹ́ gómìnà, ìjọba rẹ̀ kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fúláàtì fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Kò sí òkúta olówó iyebíye lára wọn. Títí di òní, orúkọ Jákańdè ni wọ́n fi ń pe àwọn àdúgbò wọ̀nyẹn, àwọn awakọ̀ sì ń fi orúkọ náà pe èrò ní páàkì. Ẹ tún wo àwọn fúláàtì kan ní Victoria Island tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ àti aṣòfin rẹ̀. Iye fúláàtì inú rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, 1004. Lẹ́yìn ọdún 2000 ni wọ́n tà á fún ilé iṣẹ́ aládàáni. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún un tà fún ẹni tí ó lówó. Ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí náà ni ó ṣì dúró sí, ṣùgbọ́n ìsọ̀rí rẹ̀ ti yí padà pátápátá, nítorí pé ẹni tí ó wà fún ti yí padà. Bí a bá fi ọwọ́ ara wa kọ 'ilé afẹ́' sórí fọ́ọ̀mù lónìí, kí ni a óò sọ lọ́la bí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ bá dìde pé owó ilé afẹ́ ni kí a máa gbà?

Bí ẹ bá sì rò pé ẹni tí ó kọ ara rẹ̀ sí ìsọ̀rí òṣìṣẹ́ ti já ara rẹ̀ kulẹ̀, ẹ gbọ́ èyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé, RIBA, dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ fún ilé àrọ́wọ́tó nìkan, wọ́n fi orúkọ Neave Brown pè é. Ní 2019 tí wọ́n kọ́kọ́ fi fún ni, ilé Goldsmith Street ní ìlú Norwich ni ó gbà á. Ìjọba ìbílẹ̀ ìlú náà ni ó kọ́ ọ, ó tó bí ọgọ́rùn-ún ilé, àwọn ayálégbé ìjọba ìbílẹ̀ ni ó sì kọ́ ọ fún. Ní ọdún kan náà, ilé yìí kan náà gba ẹ̀bùn Stirling, èyí tí ó ga jù lọ fún ilé ní ilẹ̀ wọn, níbi tí ó ti bá àwọn ilé olówó ńlá fi ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́. Orúkọ tí ó tọ́ kò dí ọ̀nà mọ́ ọn.

Ẹ sì gbọ́ ti ará ilé wa. Diébédo Francis Kéré jẹ́ ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso. Amọ̀ ni ó fi ṣe búlọ́ọ̀kù ilé ìwé abúlé rẹ̀, tí ó parí ní 2001. Ó pò ó pọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀, ó gbé páànù sókè kúrò lórí àjà kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín rẹ̀ kọjá, àwọn ará abúlé sì bá a kọ́ ọ. Kò pè é ní ilé mábù. Ilé ìwé amọ̀ ni ó pè é. Ó gba ẹ̀bùn Aga Khan ní 2004, nígbà tí ó sì di 2022, Kéré di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Pritzker, èyí tí kò sí ayàwòrán ilé tí kì í lálàá rẹ̀. Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èépo igi.

A fẹ́ kìlọ̀ nípa ohun méjì kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ tí ó ń dùn wá jù.

Èkíní, àmì ẹ̀yẹ kì í ṣe òpó ilé. Ní Mákòókò ní Èkó, Kúnlé Adéyẹmí kọ́ ilé ìwé kan tí ó ń léfòó lórí omi, tí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀ láti 2013. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, irú rẹ̀ kejì tí ó gbé lọ sí Venice ní Ítálì gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún kan náà, òjò ńlá rọ̀ ní Èkó, ti Mákòókò sì wó lulẹ̀. Ọpẹ́ ni pé wọ́n ti kó àwọn ọmọ ilé ìwé kúrò níbẹ̀ ṣáájú. A kò sọ èyí láti fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgboyà wà nínú iṣẹ́ ọkùnrin náà. Ohun tí a ń sọ ni pé àmì ẹ̀yẹ kì í gbá ilé mú nígbà òjò.

Èkejì, kí a ṣọ́ àpò wa. Ìdíje ilé púpọ̀ lóde òní, òwò ni. O óò san owó kí wọ́n tó gba fọ́ọ̀mù rẹ. Bí o bá yege, o lè tún san owó kí o tó lè lo àmì wọn, o óò sì san ti àga tí o máa jókòó lé níbi àsè. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bùn Aga Khan, tí a dá sílẹ̀ ní 1977, àwọn tí a yàn ni ó ń wá iṣẹ́ tí ó dára kiri, wọ́n sì ń rán ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lọ fi ojú ara rẹ̀ wo àwọn ilé tí ó bá kù nínú ìdíje. Ìdíje ti inú fọ́ọ̀mù wa yìí kò sọ pé ẹnikẹ́ni yóò wá sí Olúpọ̀nnà. Fọ́tò àti ohun tí a bá kọ ni wọn yóò fi dájọ́. Nígbà tí adájọ́ kò bá ní wá wo ilé, òótọ́ inú fọ́ọ̀mù di ọrùn àwa tí a kọ ọ́.

Ó kan ọ̀rọ̀ tí ó ń dùn wá jù wàyí. Gbogbo yín mọ̀ pé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ń gbé òkè ti parí ilé tirẹ̀, yóò sì kó jáde láìpẹ́. A bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti wá bá ìgbìmọ̀ pé òun fẹ́ gba fúláàtì náà láti fi ṣe jẹ́lé-ó-sinmi. Owó tí ó fi lọ̀ wọ́n pọ̀ ju ti ìdílé kan lọ dáadáa. Àwọn kan nínú wa ti ń ṣírò ohun tí a lè fi owó náà ṣe. Àwọn kan náà ni ó ní kí a kọ́kọ́ díje, kí a gba àmì ẹ̀yẹ ilé fúláàtì, kí a tó gbà wọ́n wọlé.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a rántí Ìta Fájì. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan wó ní Ìta Fájì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé ilé ìgbé ni ilé náà. Ṣùgbọ́n ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lókè rẹ̀, àwọn ọmọdé sì wà nínú kíláàsì nígbà tí ó wó. Bí ogún ènìyàn ni ó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Àwọn òbí tí ó fi ọmọ sílẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n, ọlọ́jà bíi ti àwọn ìyá wa ni wọ́n. Ilé náà ti gbó, wọ́n sì ti sàmì sí i pé kí wọ́n wó o. Tiwa kò gbó. Ṣùgbọ́n puláànù tí ìjọba fọwọ́ sí fún wa, ilé ìgbé ni wọ́n kọ sí i. Ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà ni a rò mọ́ fúláàtì kan nígbà tí a ń da kọnkéré òkè. A kò ro ti ogójì ọmọ tí ń fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni a ṣe. Bí iná bá ṣẹ́ ní kíṣìnì ìsàlẹ̀, ibo ni àwọn ọmọ náà yóò gbà jáde?

Ẹ wá padà sórí ìṣirò wa. Bí a bá fi fúláàtì kan fún ilé ìwé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìwé di ìdá méjì nínú mẹ́jọ: 25 nínú 100. Ilé gbígbé yóò wálẹ̀ sí 75, kò tó 85 mọ́. Ilé wa kò ní jẹ́ ilé ìgbé mọ́ nípa ìwọ̀n àwọn tí ó mọ̀ ọ́n wọ̀n. Ẹ ò rí i pé ìlà kan ṣoṣo tí a ní kí akọ̀wé kọ bí ó ti wù ú ni ó mú ọ̀rọ̀ yìí jáde? Bí a bá kọ 'ilé ìgbé' kí a lè gba àmì ẹ̀yẹ, tí a sì ṣí ilé ìwé sókè ní oṣù kejì, a ti di oníkabúkabú. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní pa adájọ́ ìdíje lára. Ọmọ wa ni yóò pa lára.

Nítorí náà, èyí ni ohun tí a dábàá fún ìpàdé. Kí a díje, bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá gbà, ṣùgbọ́n kí a má yọ kọ́bọ̀ nínú àpò alájẹṣẹ́kù kí a tó dìbò lórí rẹ̀. Kí a kọ ọ́ pé ilé fúláàtì ni, tuntun, ìsàlẹ̀ àti òkè kan, ìdílé méje, ṣọ́ọ̀bù ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, fún òṣìṣẹ́ tí ń san ohun tí agbára rẹ̀ ká. Kí a kọ orúkọ àwọn bíríkìlà, àwọn káfíńtà àti ẹni tí ó ya puláànù sí i. Kí ìgbìmọ̀ sì dá ẹni tí ó fẹ́ ṣe jẹ́lé-ó-sinmi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé fúláàtì ìdílé ni, ìdílé ni yóò sì wọ inú rẹ̀. Ìwé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń dúró de ibùgbé wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Kí wọ́n pe ẹni tí ó kàn. Bí ìlú bá nílò jẹ́lé-ó-sinmi, ó sì nílò rẹ̀ lóòótọ́, kí a jọ jókòó lórí bí a ó ṣe wá ilẹ̀ fún un, kí a kọ́ ọ ní ilé ìwé láti ìpìlẹ̀, pẹ̀lú puláànù ilé ìwé.

Àwọn àgbà wa ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí wọ́n bá fún wa ní àmì ẹ̀yẹ, a óò gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, a óò sì fi ìlù sí i. Bí wọn kò bá fún wa, ìdílé méje yóò ṣì sùn nínú ilé náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, olúkúlùkù pẹ̀lú balùwẹ̀ tirẹ̀, láìsí ẹrù tí kò tọ́ lókè orí wọn.

Ìpàdé jẹ́ ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn tí àwọn awakọ̀ bá ti Ìwó àti Ìbàdàn dé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a dá ọ̀rọ̀ yìí dá akọ̀wé nìkan.